Wheel Horse C-120 tí kò sítáàtì: sítátà tuntun, kọ́ìlì tuntun, àìsàn àtijọ́

Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ yìí ni Wheel Horse C-120, tirákítọ̀ agékoríko tí wọ́n ṣe ní South Bend, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1970, kí Toro tó ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1986. Ẹ́ńjìnì Kohler K301 ló wà lórí rẹ̀: sílíńdà kan ṣoṣo, irin wúwo, agbára ẹṣin 12. Kò ní bọ́ọ̀dù ẹlẹ́kítíróníkì kankan. Bátìrì, súìṣì kọ́kọ́rọ́, solenoid (súìṣì ńlá tó ń ṣí iná fún sítátà), sítátà, kọ́ìlì (tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún púlọ́ọ̀gì), kọ́ńtáàtì (súìṣì kékeré tó ń ṣí, tó ń pa, kí kọ́ìlì lè ta iná), kọ́ńdẹ́ńsà (tí kì í jẹ́ kí iná fò lójú kọ́ńtáàtì), púlọ́ọ̀gì: ó parí. Ẹni tó bá ra ilé tó ní ọgbà gbọọrọ ní Maryland tàbí Texas lè bá irú rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí onílé àtijọ́ fi sílẹ̀. Irin rẹ̀ kì í tètè kú. Iná rẹ̀ ló máa ń dààmú èèyàn.

Ohun tó ń ṣe é nìyí. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, nígbà mìíràn á dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Nígbà mìíràn sítátà á yí i, àmọ́ kò ní lágbára, bí ẹni tí kò jẹun. Ẹ́ńjìnì kò ní mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ báyìí ló máa mú. Òwúrọ̀ tí òtútù bá wà ló máa ń burú jù. Kí ẹ̀rọ náà tó dé ọwọ́ atúnṣe, wọ́n ti ra bátìrì tuntun, wọ́n ti pààrọ̀ sítátà, wọ́n ti fi púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì tuntun sí i. Owó lọ, àìsàn ò lọ.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ̀sùn méjì nìyí: sítátà kò lágbára, iná púlọ́ọ̀gì kò dáa. Wọ́n á wá máa tún un ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà wọ́n sí ẹyọ kan ná, torí orí bátìrì kan náà ni sítátà àti kọ́ìlì ti ń mu, ọ̀nà kan náà ni iná wọn sì ń gbà padà. Mímú tí ẹ́ńjìnì ń mú nígbà tí wọ́n bá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ ló fi í hàn. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, sítátà ti ṣíwọ́ jíjẹ, ẹ́ńjìnì ṣì ń fi ipá àtẹ̀yìnwá yí, kọ́ìlì wá rí iná gidi gbà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lẹ́nu onílé kò yẹ kó tún na ọwọ́ sí púlọ́ọ̀gì mọ́.

Kí á tó wọn ohunkóhun, jíà gbọ́dọ̀ wà ní fíríì, kí òkúta wà lẹ́yìn táyà, kí PTO (ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì fún abẹ́ tó ń gé koríko) wà ní pípa. A yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, a sì fi wáyà kékeré so ẹnu rẹ̀ mọ́ irin ẹ́ńjìnì kí ẹ̀rọ má baà mú lójijì, kí kọ́ìlì má sì máa wá ibi tí yóò sá gbà. A kì í yí sítátà ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti pé bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń fi sukurudiráfà so orí solenoid méjèèjì pọ̀ láti fi dán an wò, iná tó máa ń ṣẹ́ níbẹ̀ lè jó ojú, ẹ̀rọ tó bá sì wà nínú jíà á gun èèyàn mọ́lẹ̀, torí wọ́n ti fò gbogbo súìṣì ààbò kọjá.

Bátìrì la kọ́kọ́ wò. Ní ìsinmi, fóòtì 12.6 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó kún. Nígbà tí sítátà ń yí, ó wálẹ̀ sí 10.9. Bátìrì tó bá jábọ́ sí ìsàlẹ̀ 9.6 lábẹ́ ẹrù la máa ń fura sí, èyí kò sì sún mọ́ ọn rárá. Nítorí náà, bátìrì mọ́. Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀: sítátà tó ti gán tàbí tó ní ṣọ́ọ̀tì nínú á fa bátìrì wálẹ̀ gan-an. Èyí ò fà á wálẹ̀, síbẹ̀ kò yí dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé iná náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A wá gbé abẹ́rẹ́ mítà lọ sí ara sítátà fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ pupa lórí bọ́ọ̀tù tí wáyà nlá wọ̀, dúdú lára ilé sítátà. Bí ó ti ń yí, fóòtì 7.4 ni mítà kà. Ní orí bátìrì, 10.9, ní ara sítátà, 7.4. Fóòtì 3.5 ti sọnù lójú ọ̀nà. Ọ̀nà méjì péré ló wà: ọ̀nà àlọ, láti orí pósítíìfù bátìrì gba solenoid dé sítátà, àti ọ̀nà àbọ̀, láti bọ́dì sítátà padà sí orí nẹ́gátíìfù.

Ìwọ̀n tó kàn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, òun ló sì tú àṣírí gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi mítà sí fóòtì DC. Ẹ fi abẹ́rẹ́ kan lé òjé orí pósítíìfù bátìrì gan-an, kì í ṣe lé tẹ́mínà tó dì í mú, kí ẹ fi èkejì lé bọ́ọ̀tù sítátà. Ẹ ní kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà tí mítà bá kà ni iye tó ń sọnù ní ọ̀nà àlọ. Ó ka 0.4. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ kan lórí òjé nẹ́gátíìfù, èkejì lára irin ẹ́ńjìnì níbi tó mọ́. Ó ka 3.1. Bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bá lé ní 0.5, ẹ̀bi wà níbẹ̀. Ọ̀nà àbọ̀ ló ń jẹ wá, ìyẹn ẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi óòmù wá irú ẹ̀bi yìí, mítà rẹ̀ á tàn án jẹ. Ká ní sítátà ń fa ámpù 80, fóòtì 3.1 tó sọnù túmọ̀ sí pé ìdènà tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.04 óòmù lọ. Wáyà mítà olówó pọ́ọ́kú fúnra rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á kà á bíi pé ohun gbogbo so pọ̀, yóò sì máa dún píì-píì sí ọ lẹ́tí. Àfi kí ẹrù wà lórí wáyà kí àléébù tó yọjú. Ọwọ́ náà sì lè rí i: fóòtì 3.1 lọ́nà ámpù 80, nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 250 ló ń di ooru lójú ìdè. Lẹ́yìn tí sítátà ti yí fún ìgbà díẹ̀, ẹ fọwọ́ kan àwọn orí bọ́ọ̀tù ẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá gbóná ni.

Lórí ẹ̀rọ yìí, wáyà dúdú láti bátìrì lọ bọ́ sára férémù. Ẹ́ńjìnì náà jókòó lórí férémù pẹ̀lú bọ́ọ̀tù mẹ́rin. Kò sí wáyà kankan tó so ẹ́ńjìnì mọ́ bátìrì tààrà. A wọn ìpele kọ̀ọ̀kan: láti òjé sí tẹ́mínà, 0.1, láti ẹnu wáyà sí férémù, 0.9, láti férémù sí ẹ́ńjìnì, 2.1. Nígbà tí a tú bọ́ọ̀tù wáyà dúdú, wọ́ṣà rẹ̀ ti bo fún ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, ìpẹtà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ti abẹ́ ẹ́ńjìnì ló pani lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti yọ ẹ́ńjìnì yẹn rí, ó fi ọ̀dà pupa kun férémù kẹ̀ǹkẹ̀, ó dán, ó lẹ́wà, ó sì dá ẹ́ńjìnì padà sórí ọ̀dà náà. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ẹnu òpó bọ́ọ̀tù mẹ́rin yẹn nìkan ni gbogbo iná sítátà ń gbà kọjá, ìpẹtà sì ń jẹ wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Oníṣẹ́ iná mọ́tò nílé á ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ́ẹ̀tì ò dáa, kódà kó tó gbé mítà jáde.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó. Wáyà nọ́ńbà 4 tuntun, tí a fún ẹnu rẹ̀ ní orí bàbà dáadáa, lọ tààrà láti orí nẹ́gátíìfù sí bọ́ọ̀tù tó di sítátà mọ́ ẹ́ńjìnì. Wáyà kejì, tó kúrú, so ẹ́ńjìnì mọ́ férémù, torí iná ìmọ́lẹ̀ àti solenoid ń lo férémù fún ẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ibi tí irin bá ti pàdé irin, a fi sáńpépà ha á títí ó fi dán, a fi wọ́ṣà eléyín sí i, a dì í le, ẹ̀yìn náà la tó wá fi Vaseline bo ojú rẹ̀ kí omi má baà wọlé. A wá tún un wọ̀n: bátìrì 10.6 nígbà tí sítátà ń yí, torí ó wá rí iná fà dáadáa. Ọ̀nà àlọ 0.5, ọ̀nà àbọ̀ 0.2, sítátà 9.9. Ìyípo rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Sítátà àtijọ́ tí wọ́n yọ kúrò, nígbà tí a dán an wò lórí tábìlì, kò sí ohun tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n dídún kọ́ ṣì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì ti wá di ọ̀ràn wáyà kékeré. Iná tó ń ṣí solenoid gba ọ̀nà jíjìn: láti bátìrì gba kònẹ́kítọ̀ oníhò 9 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, dé súìṣì kọ́kọ́rọ́, gba súìṣì kílọ́ọ̀ṣì, gba súìṣì PTO, kó tó dé tẹ́mínà kékeré ara solenoid. Níbẹ̀, fóòtì 8.1 la rí nígbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Kònẹ́kítọ̀ yẹn ni ẹ kọ́kọ́ wò lórí Wheel Horse onírú àkókò yìí. A tú u, ihò kan ti di àwọ̀ ilẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ́. Iná gbogbo ẹ̀rọ ń gba ojú irin pẹlẹbẹ kékeré kan kọjá, ó gbóná, ó tú, ó tún gbóná sí i. A gé wáyà náà kúrò nínú kònẹ́kítọ̀, a so ó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú orí tí a fi páyà tẹ̀ le, a sì fi fíúsì sí i. Àwọn súìṣì ààbò, a fọ ojú wọn, a sì dá wọn padà. Ẹni tó bá fò wọ́n kọjá kó lè tètè sítáàtì ń wá ọjọ́ tí tirákítọ̀ yóò bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Solenoid náà kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yìí ní orí mẹ́ta: ńlá méjì, kékeré kan. Èyí tó bá rí bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ́ẹ̀tì láti ìdí rẹ̀, láti ibi tí a fi bọ́ọ̀tù dè é mọ́ férémù. Fóòtì 1.2 ń sọnù láàárín ìdí rẹ̀ àti orí nẹ́gátíìfù, torí ọ̀dà pupa kan náà ló jókòó lé. A ha á, ó sì tán. Tẹ́mínà kékeré wá rí 10.2, a ò gbọ́ kọ́ mọ́.

Ó wá ku iná púlọ́ọ̀gì. Kí a tó ṣe ẹ́ẹ̀tì, fóòtì 7.0 ló wà láàárín pósítíìfù kọ́ìlì àti irin ẹ́ńjìnì nígbà tí sítátà ń yí. Ìṣirò rẹ̀ bára mu: 10.9 ní bátìrì, 3.1 ti lọ sí ẹ́ẹ̀tì, 0.8 sí súìṣì kọ́kọ́rọ́ àti kònẹ́kítọ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ tò, ó di 10.1. Ní báyìí, iná tó ń fò lẹ́nu tẹ́sítà ti kúrò ní pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti di aláwọ̀ búlúù tó ń dún tà-tà. Ẹ́ńjìnì mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tó lè mú kí ẹ́ńjìnì máa mú nígbà tí a bá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, ó sì yẹ kí a yà á sọ́tọ̀. Súìṣì kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnì onímágínẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń ṣe iná púlọ́ọ̀gì rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìlo bátìrì) jọ ti ẹlẹ́bátìrì lójú, wọ́n sì máa ń tà á fún èèyàn. Bí orí tí wọ́n kọ I sí kò bá ní iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdúró START, kọ́ìlì kò ní rí nǹkan kan títí kọ́kọ́rọ́ á fi padà sí RUN. Ẹ wọn I nígbà tí sítátà ń yí. Bó bá jẹ́ òdo, súìṣì ni. Bí ó bá ní iná tó kéré, bíi tiwa, ẹ máa tọpa ọ̀nà iná náà lọ.

Ẹ́ńjìnì mú, ṣùgbọ́n nígbà tí abẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko, ó ń kólòlò, ó ń dín agbára. A ṣí ilé kọ́ńtáàtì, àpótí kékeré onísukuru méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Ẹni tó ti ṣí dísítíríbútọ̀ Peugeot 504 rí kò ní ṣàjèjì níbẹ̀. Àyè àárín rẹ̀, 0.012 íǹṣì ló kù, dípò 0.020. Ojú rẹ̀ ti ní kòtò níhìn-ín, òkìtì lọ́hùn-ún, ọ́ìlì tín-ín-rín sì bò ó. Ọ́ìlì yẹn ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kékeré tó ń ti kọ́ńtáàtì wọlé. Ihò rẹ̀ ti fẹ̀ nítorí ọjọ́ orí. Kòtò náà, kọ́ìlì tuntun ló fà á. Nígbà tí a wọn kọ́ìlì láàárín pósítíìfù àti nẹ́gátíìfù rẹ̀, óòmù 1.5 ló kà. Kọ́ìlì ọkọ̀ tó yẹ kó ní résítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) níta ni wọ́n tà fún wọn. Lórí fóòtì 12.6, ó ń fa ámpù 8.4 kọjá lójú kọ́ńtáàtì. Èyí tó tọ́, tó ní nǹkan bí óòmù 3.5, kò ju 3.6 lọ. Ọ̀nà méjì ni ìyàtọ̀ yẹn fi ń ṣèpalára: ó ń jó kọ́ńtáàtì, ó sì ń mú kọ́ìlì gbóná títí iná rẹ̀ á fi rọ. Tí ẹnì kan bá tún gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ní RUN nígbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, tí kọ́ńtáàtì sì pa dé, ẹ fọwọ́ kan kọ́ìlì, ẹ ó mọ̀.

Kọ́ìlì fóòtì 12 tí kò nílò résítọ̀ níta, kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà tuntun ló bọ́ sí i. Kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà, ẹ máa pààrọ̀ wọn pọ̀: kọ́ńdẹ́ńsà tó ti rẹ̀ á jẹ́ kí iná máa fò lójú kọ́ńtáàtì nígbàkigbà tó bá ṣí, tuntun náà á sì jó. Kọ́ńtáàtì tuntun ní òróró ààbò lójú láti ilé-iṣẹ́. A fi pépà funfun tó mọ́ fà á láàárín rẹ̀ kí a tó lò ó. Ẹ má fi sáńpépà kàn án, ìyanrìn rẹ̀ á há síbẹ̀.

Ṣíṣe àyè sí 0.020 lójú fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àyè) ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òpin. Lára fúláíwíìlì K301 (àgbá irin wúwo tó ń bá ẹ́ńjìnì yí), wọ́n fín T àti S: T ni ibi tí písítìnì gun òkè pátápátá, S ni ibi tí púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ti tan iná, dígírì 20 ṣáájú rẹ̀. Ihò kékeré kan wà tí a fi ń wò wọ́n. A yọ wáyà tó ti kọ́ìlì wá sí kọ́ńtáàtì, a fi mítà sí óòmù láàárín kọ́ńtáàtì àti irin ẹ́ńjìnì, a fọwọ́ yí fúláíwíìlì lọ sí ọ̀nà tó máa ń yí sí, lórí ìgbà tí písítìnì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí S bá ṣe ń bọ́ sí àárín ihò gẹ́lẹ́ ni mítà gbọ́dọ̀ yí kúrò ní òdo. Bí ó bá pẹ́, a fẹ àyè díẹ̀ sí i. Bí ó bá yá jù, a dín in kù. Bí kò bá ṣí rárá, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ìyípo méjì ni kọ́ńtáàtì ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Àyè 0.012 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti mú kí iná máa pẹ́, òun ló ń fa kíkólòlò náà. Èyí tó yá jù ló léwu: ẹ́ńjìnì á ta padà sẹ́yìn nígbà tí sítátà ń yí i, ó sì lè fọ́ imú sítátà. Púlọ́ọ̀gì, 0.035 íǹṣì.

A tún yí ẹ́ńjìnì náà pẹ̀lú ọwọ́ láti gbọ́ bóyá ohun tó ń dín agbára ìfún kù nígbà ìsítáàtì ń ṣiṣẹ́. Kohler K ní irin kékeré lára káámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) tó máa ń gbé fáàfù èéfín sókè díẹ̀ bí ìyípo bá lọ́ra, kí sítátà má baà jà. Bí àyè fáàfù bá ti fẹ̀ jù, kò ní gbé e, sítátà á máa dá dúró níbi písítìnì gòkè, a ó sì máa pe bátìrì lólè. Ti ibí yìí dára. Ọ́ìlì SAE 30 inú rẹ̀ ni a pààrọ̀ sí èyí tó fẹ́lẹ́ kí ọ̀gìnnìtìn tó dé.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sáré, fóòtì 14.1 ló wà lórí bátìrì, ó wà láàárín 13.8 sí 14.7 tó yẹ. Régúlétọ̀, tó ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì, náà ń gba ẹ́ẹ̀tì láti bọ́dì rẹ̀, nítorí náà a ha ìdí òun náà. Ọ̀pá kọ́ńtáàtì ṣì ń jẹ́ kí ọ́ìlì sun wọlé díẹ̀. Ọ̀pá tuntun ni yóò dá a dúró, bí ihò rẹ̀ kò bá tíì fẹ̀ kọjá ààlà. Títí di ìgbà náà, kí wọ́n máa ṣí àpótí yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo àkókò gígé koríko, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ nù ún, kí wọ́n sì tún wo àyè rẹ̀.